Ọjọ́ Tí Mo Gbé Kẹ̀kẹ́ Àna Mi Kọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi pàápàá, ọjọ́ náà ò ní kúrò lọ́kàn mi. Mo lè wà nínú kíláàsì, kí n máa kọ nǹkan sójú pátákó, kí ó ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Ara mi á bù máṣọ, àwọn ọmọ á sì máa wò mí pé kí ló ṣe Mẹ́ẹ̀tì. Mo ti pa á mọ́ra tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín rẹ̀, nítorí ẹ̀rín náà pọ̀ ju ohun tí èmi nìkan lè rín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Olùkọ́ ni mí, Mẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa, ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Pobẹ̀, mo sì jẹ́ ojo. Mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Mo ń bẹ̀rù àjà ilé tó bá ń dún, mo ń bẹ̀rù afárá, mo ń bẹ̀rù fóònù tó bá ké láàárọ̀ kùtùkùtù. Àmọ́ kò sí ohun tí mo bẹ̀rù tó bàbá ìyàwó mi. Àgbẹ̀ ni Bàbá, ní Aguidi lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Sakété. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú ló fi máa ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fi ara hàn nílé wọn, àgbò kan lé mi, mo sì sá gun orí òkìtì àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ. Bàbá dúró, ó wò mí lókè àgbàdo náà, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Èyí náà lo rí?" Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá, ìbéèrè yẹn ṣì wà lójú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń wò mí.

Torí kí ìbéèrè yẹn lè kúrò lójú rẹ̀ ni mo ṣe fi ẹnu ara mi sọ pé màá bá a tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. Kẹ̀kẹ́ Bàbá kì í ṣe kẹ̀kẹ́ eré. Irin gidi ni, ọ̀kan lára àwọn ti àtijọ́ tí ẹ̀yìn wọn lè ru àpò àgbàdo kan láìmì. Òun ni Bàbá ń gùn lọ sóko láti ìgbà tí ìyàwó mi ti wà ní kékeré. Kì í gun alùpùpù rárá, ó ní òun ò lè jókòó sẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ kí ó máa fi òun sáré kiri. Rímù iwájú ló tẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí wa ní Pobẹ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀gá kan tó mọṣẹ́ tún un ṣe, ó sì dára bíi tuntun. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó fi wà lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ ni Bàbá fi ń rìn lọ sóko. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù.

"Mẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ mi ti ṣe tán."

"Ó ti ṣe tán, Bàbá."

"Gbé e bọ̀ fúnra rẹ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi. Bí nǹkan kan bá ṣe é lójú ọ̀nà, má wulẹ̀ wọ ilé mi mọ́."

Ó pa fóònù. Ìyá Róòsì, ìyàwó mi, ní bàbá òun ń ṣeré ni. Èmi mọ̀ pé kò ṣeré. Ilé yẹn sì ni àwọn ọmọ wa méjèèjì ti máa ń lo ìsinmi wọn lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Ìyá Róòsì ní kí á gbé kẹ̀kẹ́ náà padà lórí ọkọ̀ akẹ́rù bó ṣe wá. Mo ní rárá, wọ́n lè da àpò gààrí lé e. Ó ní kí á tú u sínú bùùtù. Mo ní ta ni yóò tún un tò? Àwọn ọmọ náà tún fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ tiwọn lọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa irin ìgbékẹ̀kẹ́ nìyẹn, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń fi sára ọkọ̀ ilé wọn, tí kẹ̀kẹ́ á jókòó lé lórí.

Oníṣòwò kan wà ní Sakété, lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́, Alájì là ń pè é, ará Ìlaròó ni. Àwọn nǹkan ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun dé ló ń tà. Ó gbé oríṣi mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́ ń lọ sórí òrùlé ọkọ̀. Mo wò ó, mo fojú inú rí ara mi lórí àpótí, tí mo gbé kẹ̀kẹ́ Bàbá sókè, tí àpótí ń mì. Mo ní kí ó gbé e sẹ́yìn. Èkejì, okùn pẹlẹbẹ mélòó kan ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ilẹ̀kùn bùùtù.

"Alájì, bí okùn yìí bá já ńkọ́?"

"Kò lè já, sà."

Ẹni tó bá ti sọ fún mi pé nǹkan ò lè já, ọ̀rọ̀ wa ti parí nìyẹn. Bó ṣe rí i pé ojú mi ti yí padà, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé ẹ̀kẹta jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Èyí kì í gun òrùlé, kò sì lo okùn. Orí ìkọ́ olórí róbótó tó máa ń wà nídìí ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi ń fa tírélà, ni wọ́n ń fi í há. Ó ní àyè mẹ́ta tí táyà kẹ̀kẹ́ ń jókòó sí, ó ní ẹnu irin tó ń di ara kẹ̀kẹ́ mú, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó tún ní iná pupa méjì. Mo da ìbéèrè bo Alájì títí ó fi wá àga jókòó. Bí a bá bọ́ sí kòtò ńkọ́? Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí ajá bá sáré gba iwájú wa kọjá ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, irin nìyí," ó ní nígbẹ̀yìn. "Irin kì í bẹ̀rù. Ẹ fi ẹ̀rù tiyín sílé kí ẹ gbé e máa lọ."

Ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èdè tí mi ò gbọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta àti nọ́mbà ìwọ̀n. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n, mo wo nọ́mbà náà, mo ní yóò jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó lè jẹ́ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìyá Róòsì ti sún lọ sí abẹ́ igi kan nígbà náà, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

A délé tán kí n tó rántí pé ọkọ̀ wa ò ní ìkọ́ kankan nídìí. Ọ̀gá Sálíù, ajórin tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa, ló bá wa jó ọ̀kan mọ́ ọn. Ó gbé irin ìgbékẹ̀kẹ́ lé e, a to kẹ̀kẹ́ sí i, tàwọn ọmọ nínú, ti Bàbá níta pátápátá. Ẹnu irin náà di tàwọn ọmọ mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ara kẹ̀kẹ́ Bàbá ti nípọn jù, etí rẹ̀ nìkan ló rí dì mú. Ọ̀gá Sálíù mì í wò, ó mi orí, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó mú rọ́bà jáde.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ rọ́bà yìí. Rọ́bà inú táyà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń là tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Òun la fi ń di àpò gààrí mọ́ alùpùpù, òun la fi ń di ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn. Mo ti rí ẹni tó fi di alùpùpù kan mọ́ ẹ̀yìn òmíràn, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ.

"Mẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n fi rọ́bà dè é lẹ́ẹ̀mẹta péré."

"Ọ̀gá, ti yovó nìyí," mo ní. Bí a ṣe ń pe òyìnbó lọ́dọ̀ wa nìyẹn. "Ó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá fẹ́ fi rọ́bà dè é bí ẹni di ewúrẹ́?"

Ó ká rọ́bà rẹ̀ padà sápò.

Àárọ̀ Sátidé la gbéra. Ìdí ọkọ̀ ti wọlẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sókè, mo ní láti na ọrùn kí n tó rí ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ti dí dígí ẹ̀yìn pa, ti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù. A ò tíì kúrò ní Pobẹ̀ tí nǹkan fi dún kò! lẹ́yìn wa. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo mi kẹ̀kẹ́ Bàbá wò, mo padà wọlé. A rìn díẹ̀, ó tún dún. Mo tún dúró. Nígbà kẹfà tí mo fẹ́ dúró, Ìyá Róòsì dì mí lápá mú.

"Bàbá Róòsì, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá tún dúró nítorí pé nǹkan dún, màá sọ̀ kalẹ̀, màá gun sẹ́míjàn lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún un."

Sẹ́míjàn ni alùpùpù tó ń gbé èrò. Mo fojú inú wo ìyàwó mi tó ń dé Aguidi lẹ́yìn alùpùpù, tó ń fẹjọ́ mi sùn. Mo ṣèlérí pé mi ò ní dúró mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí wa. Àwọn obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́bàá ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ń ju apá, ẹnu wọn ń lọ. A ti gbé gíláàsì sókè nítorí eruku, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi ìyàwó mi pé kí ni wọ́n ń wí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ wí? Wọ́n ń kí wa kú orí ire nǹkan tuntun ni. Ẹ dá wọn lóhùn, kí wọ́n má baà sọ pé a ń gbéraga."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi lára mu. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn ò lè ra páànù tuntun kí ó gbé e gba àdúgbò kọjá láìgba kíkí, ẹni tí kò bá sì dáhùn, wọ́n á máa fi orúkọ rẹ̀ ṣọ̀rọ̀ sọ. Mo fọn fèrè, mo tẹrí ba fún wọn. Níwájú díẹ̀, àwọn ọkùnrin kan tó ń di pákí sápò tún pariwo, ọ̀kan nínú wọn sáré tẹ̀ lé wa, ó ń nàka sí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ó ti rí irin náà," mo ní. "Ó yà á lẹ́nu." Mo tún fọn fèrè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rù kúrò lára mi. Mo ti ń wo ara mi bí ẹni tó mọ nǹkan rà. Ẹ bá mi wo wèrè.

A dé abúlé kan tí wọ́n mọ òkìtì sójú títì kí ọkọ̀ má baà sáré. Bí a ṣe gùn ún kọjá, nǹkan dún gbàà! lẹ́yìn wa. Ọkọ̀ fúyẹ́ lójijì, imú rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹsẹ̀ mi lọ sórí bíréèkì. Mo rí ojú ìyàwó mi, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo tilẹ̀ ń tu ara mi nínú pé ó dára bí imú ọkọ̀ ṣe wálẹ̀ yẹn, mo ti ń rí ọ̀nà kedere.

Ìgbà tó ṣe díẹ̀, mo wo dígí ẹ̀gbẹ́. Alùpùpù kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń sá eré àsápajúdé, ẹni méjì ló wà lórí rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ti fa fìlà bo ojú. Nǹkan ńlá dúdú kan wà léjìká rẹ̀, ó na apá kejì sókè, irin gígùn kan sì ń kọ mànà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń fọn fèrè láìdákẹ́.

Jìnnìjìnnì bò mí. Ohùn mi di ti ọmọdé.

"Ìyá Róòsì, olè."

"Olè wo ní ọ̀sán gangan?"

"Wọ́n ti rí irin wa, òun ni wọ́n fẹ́ gbà. Ìbọn wà lọ́wọ́ ẹni ẹ̀yìn."

Obìnrin tí kì í bẹ̀rù nǹkan kan yíjú sí dígí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Bí òun náà ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́ ni mo mọ̀ pé ikú dé. Mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sáré, àwọn náà á sáré. Bí mo bá rọra nítorí kòtò, wọ́n á sún mọ́ wa, màá sì máa gbọ́ igbe wọn. Mo ń gbàdúrà ní Yorùbá, mo ń gbà á ní Gùn, mo ń gbà á ní Faransé, kí èyí tó bá tètè débẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Láàárín ìyẹn ni Róòsì, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbórí sókè lẹ́yìn.

"Pàpá, kẹ̀kẹ́ ti ku méjì."

"Dákẹ́, Róòsì! Tẹrí ba! Ta ló ń sọ ti kẹ̀kẹ́? Ẹ̀mí là ń wí!"

Mo sọ ọ́ tán kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ mí létí. Kẹ̀kẹ́ ti ku méjì. Mi ò bi í pé ti ta ni kò sí níbẹ̀, mo mọ̀. Ẹ̀rù méjì wá pàdé nínú mi, ẹ̀rù olè lẹ́yìn, ẹ̀rù Bàbá níwájú, mi ò sì mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ wọ Sakété, a bá àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ mìíràn, bí mo bá rí ọlọ́pàá, láti ọ̀ọ́kán ni màá ti máa wá ìwé ọkọ̀ kiri bí ẹni tó jẹ̀bi. Lọ́jọ́ yẹn, mo yà bàrà sọ́dọ̀ wọn, mo bẹ́ sílẹ̀, mo sá sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, mo di bẹ́líìtì rẹ̀ mú.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá mi, ẹ gbà mí! Olè ló ń lé mi!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná, mùsíè. Pláàkì ọkọ̀ yín dà?"

Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ti bo pláàkì, irin tí nọ́mbà ọkọ̀ wa wà lára rẹ̀, èmi ò sì ro ti ìyẹn rí.

"Olè ni mo wí, Ṣẹ́ẹ̀fù! Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn! Àwọn nìyẹn!"

Alùpùpù náà dé, ó dúró. Ẹni ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ohun tó wà léjìká rẹ̀ sọ̀, kẹ̀kẹ́ ni. Ó fi irin ọwọ́ rẹ̀ há ara kẹ̀kẹ́ náà, páǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ni. Lẹ́yìn náà ló ti fìlà kúrò lójú. Bàbá ìyàwó mi ni, ẹni tí kì í gun alùpùpù.

"Olè náà dà?" ọlọ́pàá bi mí.

Ilẹ̀ ì bá lanu nígbà yẹn, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi kó sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà gbígbóná, níwájú ọlọ́pàá, níwájú èrò, mo sì fi ojú pa mọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń gbìyànjú kí ẹ̀rín má bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọlọ́kadà sẹ́míjàn náà ló ṣàlàyé. Bàbá wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ ò yá ní abúlé tí òkìtì wà yẹn. Iwájú ilé ọ̀rẹ́ náà ló jókòó sí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí, fi já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ wa, tó sì wọ́ wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pariwo, a ò dúró. Bí Bàbá ṣe kó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí èjìká nìyẹn, tó gun sẹ́míjàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

"Gbogbo ayé ló ń pè yín láti ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí," ọlọ́kadà náà ní. "Kẹ̀kẹ́ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń sọ fún yín. Wọ́n ní ńṣe lẹ ń tẹrí ba!"

Ọlọ́pàá yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ọkùnrin yìí ní olè ni yín. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè, ó yí táyà, ó tẹ́tí sí i. Mo fi etí tó wà nílẹ̀ gbọ́ bí táyà náà ṣe ń yí. Kò há, kò kan nǹkan kan. Agogo rẹ̀ ló fọ́, àga rẹ̀ sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yí ti ẹ̀yìn náà wò.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọmọ mi ni. Ẹ̀rù ló máa ń bà á."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù gbogbo nǹkan." Ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. "Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn bó ṣe ń sá. Ó rò pé ikú ń lé òun, kò sì fi ọmọ mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dìde."

Ìyá Róòsì lanu láti sọ bí mo ṣe bẹ́ sílẹ̀, tí mo fi òun àtàwọn ọmọ sínú ọkọ̀, tí mo lọ sá sẹ́yìn ọlọ́pàá. Mo wò ó. Ó pa ẹnu dé. Ọlọ́run yóò san án fún un.

Ọlọ́pàá ní mi ò lè gbé ọkọ̀ tí pláàkì rẹ̀ ò hàn kúrò níbẹ̀, nítorí náà a sọ kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ kalẹ̀. Mo bẹ Bàbá pé kí ó wọ ọkọ̀. Ó wo irin ìgbékẹ̀kẹ́ náà, òfìfo, iná pupa méjì, kọ́kọ́rọ́ tó ń dán.

"Kí nìyí?"

"Irin tí wọ́n fi ń gbé kẹ̀kẹ́ ni, Bàbá."

"Kẹ̀kẹ́ wo ló gbé?"

Bàbá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ gun tiwọn tẹ̀ lé e, wọ́n gba ọ̀nà oko tó lọ sí Aguidi, èmi àti ìyàwó mi ń wọ́ tẹ̀ lé wọn nínú ọkọ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró láti wo ọkọ̀ tó ní irin ńlá lẹ́yìn, tí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ń lọ níwájú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ gíláàsì kalẹ̀ pátápátá kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ohun tí mo kọ́ ò pọ̀. Mo kọ́ pé bí èèyàn bá ń pariwo sí mi lójú ọ̀nà, kí n dúró kí n bi í pé kí ló dé, kí n tó máa tẹrí ba bí ọba. Mo sì lọ bá Ọ̀gá Sálíù, mo ní kí ó bá mi la rọ́bà. Ó là á, ẹ̀rín sì ń mì èjìká rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ń gun irin náà lọ sí Aguidi báyìí, rọ́bà mẹ́ta mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti gbé pláàkì jáde síta. Bàbá ṣì ń rín mi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí pẹ̀lú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ fèrè alùpùpù lẹ́yìn mi, mi ò jẹ́ sá mọ́. Mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, màá sọ̀ kalẹ̀, màá bọ́ fìlà, màá sì wá ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ díẹ̀ tí mo lè dọ̀bálẹ̀ sí, bí ó bá lọ jẹ́ pé àna mi ni.